Dick Tiger: a fojú tín-ín-rín rẹ̀ ni, àbí a wọ̀n ọ́n kù?

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìkẹ́rẹ́ dábàá pé "àfojútínrín" ni ká máa pe akànṣẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kò tó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ("underrated" lédè Gẹ̀ẹ́sì), wọ́n sì fi Dick Tiger, akànṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ṣe àpẹẹrẹ. Àbúrò kan láti Ọ̀yẹ́ ní ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá: ẹni tó gba adé àgbáyé ní ìsọ̀rí ìwúwo méjì, kí ló tún kù tí ayé ò fún un? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ohun tí ẹ sọ nípa ọkùnrin náà, òótọ́ ni. Orúkọ tí ẹ sọ ọ̀ràn náà ni kò bá a mu.

Ẹni tí a fojú tín-ín-rín, a ti rò pé kò já mọ́ nǹkan kan. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí Dick Tiger níbẹ̀rẹ̀, n ò jiyàn. Richard Ihetu, ọmọ Amaigbo nílẹ̀ Ìgbò, dé Liverpool ní 1955, wọ́n sì borí rẹ̀ nínú ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jà níbẹ̀, léraléra. Ẹlòmíràn ìbá di ẹrù rẹ̀ padà sílé. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá 1962, ó ti gba adé àgbáyé ní ìsọ̀rí àárín (middleweight) lọ́wọ́ Gene Fullmer ní San Francisco, lẹ́ni ọdún 33. Ìwé ìròyìn The Ring pè é ní akànṣẹ́ tó ta gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ní 1962, ó tún pè é bẹ́ẹ̀ ní 1965. Ní 1991, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ìlúmọ̀ọ́ká akànṣẹ́ àgbáyé ní Canastota, l'Ámẹ́ríkà. Ta ló wá fojú tín-ín-rín ẹni bẹ́ẹ̀? Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kọ́.

Àwa ńkọ́? Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ 1963, Fullmer wá bá a ní Liberty Stadium ní Ìbàdàn, pápá tí a ń pè ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí. Ìyẹn ni ìjà adé àgbáyé àkọ́kọ́ tí wọ́n jà lórílẹ̀-èdè yìí, Ìbàdàn sì ni olú ìlú àwa ará Èkìtì nígbà náà, torí abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn la wà. Tiger kì í sáré yí ká bíi Ali. Ó máa ń rìn tọ ẹni náà lọ ni, díẹ̀díẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, á wá fi ọwọ́ òsì kàn án lẹ́ṣẹ̀ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Fullmer alára, tí wọ́n mọ̀ sí alágídí, jà dé ìparí ráùndì keje, ojú rẹ̀ ti bàjẹ́, àwọn tó tì í lẹ́yìn kò sì jẹ́ kó jáde fún ìkẹjọ. Kò tún kan ẹ̀ṣẹ́ mọ́ títí ayé rẹ̀. Ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ wa l'Ádó léèrè akànṣẹ́ tí wọ́n mọ̀: wọn á ní Ali, wọn á ní Tyson, wọn á ní Anthony Joshua torí ìdílé rẹ̀ ti Ṣàgámù wá. Ẹni tó jà nílé wa gan-an, ẹnu wọn kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ohun tó fà á kì í ṣe ẹ̀gàn. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń kà láìwo inú rẹ̀: ó borí ní 60, ó pàdánù ní 19, ó ta ọ̀mì ní 3. Wọ́n á rí 19 yẹn, wọ́n á ṣí ìwé náà kọjá. Àwọn wo ló pàdánù sí lẹ́yìn tó di ọ̀gá? Joey Giardello, tí Tiger padà gba adé náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1965. Emile Griffith. Bob Foster, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 3, nígbà tí Tiger kò ju ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íńṣì 8 lọ. Ẹni ọdún 37 ló sì jẹ́ nígbà tó gòkè lọ sí ìsọ̀rí tó wúwo ju tirẹ̀ lọ, tó gba adé lọ́wọ́ José Torres ní New York. Tèmi ni pé ìjà yẹn nìkan tó láti fi í sí àárín àwọn mẹ́wàá tó dára jù lọ nígbà ayé rẹ̀. Ogun Biafra tún dé. Ó dúró ti àwọn ènìyàn rẹ̀, ó dá oyè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un padà ní 1969, ó sì kú ní Aba ní oṣù Kejìlá 1971, lẹ́ni ọdún 42. Ó ṣòro fún orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jagun tán láti máa kọrin rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ "wọ̀n kù". Ẹni tó bá ra gààrí lọ́jà Erékèsán l'Ádó mọ̀ ọ́n: ìyá kan á rọ ọ́ títí orí kóńgò á fi ṣe gegele, òmíràn á fi ọwọ́ gbá a kó tẹ́jú. Kò sẹ́ni tó ní gààrí ìyá kejì kò dára. Ìwọ̀n ló kù. A wọn Dick Tiger kù. Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, "àwọ̀nkù" wà nílẹ̀, ẹni tí wọ́n gbé ga ju bó ṣe yẹ lọ á sì jẹ́ "àwọ̀njù", bí a ṣe ń sọ pé àṣejù, àsọjù.

Mo mọ ohun tí àbúrò wa máa sọ: etí á gbọ́ àlòkù, á gbọ́ àbùkù, bíi pé ọkùnrin náà ló lábùkù. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kúkú máa lo ọ̀rọ̀ ìṣe náà ṣáájú, "wọ́n wọ̀n ọ́n kù", kí gbogbo ayé lè gbọ́ pé ẹni tó di kóńgò mú ló jẹ̀bi.

Ní ti Hogan Bassey tí ẹ̀gbọ́n tún dárúkọ, ẹni tó gba adé àgbáyé ní Paris ní 1957, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀, n ò rò pé ọ̀rọ̀ yìí kàn án. Wọ́n wọ̀n ọ́n dáadáa nígbà ayé rẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe olùkọ́ àwọn akànṣẹ́ orílẹ̀-èdè yìí. Òun ni a gbàgbé, "ẹni ìgbàgbé" sì ti wà lédè wa tipẹ́.