Ìmọ̀ràn lórí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ogúnléndé

Akẹ́kọ̀ọ́ ìyàwòrán-ilé, Àkúrẹ́
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ni láti ya ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọmọkùnrin ọdún 14 sí 17 ní ibùdó ogúnléndé Kakuma ní Kẹ́ńyà, níbi tí oòrùn ti mú gan-an tí eruku kì í sì í sinmi. Mo ya yàrá mẹ́rin tó tò tẹ̀lé ara wọn, ṣùgbọ́n alábòójútó mi ní ó jọ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kí ni kí n ṣe?

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Oǹdó
Alábòójútó rẹ kò purọ́, ọmọ mi. Lọ́dún 1992 ni wọ́n dá Kakuma sílẹ̀, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọkùnrin tí ogun Sùdáànì lé kúrò nílé, tí wọ́n ti fẹsẹ̀ rìn dé Etiópíà kí wọ́n tó tún sá níbẹ̀, wá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Abẹ́ igi ni ọ̀pọ̀ wọn ti kẹ́kọ̀ọ́, orí iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n sì ń fìka kọ̀wé sí. Nítorí náà, ibòji ni kí o kọ́kọ́ yà, kí ògiri tó tẹ̀ lé e. Má sì fi pánù lásán bo orí wọn. Nígbà tí mò ń kọ́ni, bí òjò bá ti kọlu pánù, ńṣe ni mo máa ń gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, torí ọmọ tó jókòó síwájú mi pàápàá kò gbọ́ mi mọ́. Ní Kakuma, ooru ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín.

Bíríkìlà, Ọ̀bà-Ilé
Ẹ wo iṣẹ́ Francis Kéré, ayàwòrán-ilé ọmọ Burkina Faso tó gba Pritzker, ẹ̀bùn ńlá àwọn ayàwòrán-ilé lágbàáyé, lọ́dún 2022. Ní ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ sí Gando, abúlé rẹ̀, tí wọ́n parí lọ́dún 2001, ó gbé pánù sókè kúrò lórí àjà oníbúlọ́ọ̀kù amọ̀, kí atẹ́gùn lè máa gba àárín wọn kó ooru lọ. Ní ti ilé ìkàwé ibẹ̀, ìkòkò amọ̀ tí àwọn obìnrin abúlé mọ ni wọ́n gé, tí wọ́n sì tò sínú kọnkéré àjà, kí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ lè gba ojú wọn wọlé. Ọmọ ọdún 15 lè mọ búlọ́ọ̀kù, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín mọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò omi ná. Omi ò pọ̀ lọ́hùn-ún.

Ìyá ọlọ́mọkùnrin mẹ́ta, Àkúrẹ́
Àga àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n sábà máa ń fún àwọn ọmọkùnrin ọjọ́ orí yìí, orúnkún á sì máa gbá tábìlì. Ọmọ tó bá ń ru ẹrù lọ́sàn-án, ìrọ̀lẹ́ ló máa ráyè wá, nítorí náà ẹ fi iná sólà sí i. Ohun tó kù ṣe pàtàkì jù: lẹ́yìn tí àwọn adigunjalè wọlé wa, odindi ọdún kan ni àkọ́bí mi kò fi jókòó síbi tí kò ti lè rí ẹnu ọ̀nà. Mélòómélòó ni tẹni tí ìbọn lé kúrò nílùú? Ẹ ṣe ọ̀nà àbájáde méjì, kí ẹ sì to àga ti ògiri, kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìyàwòrán-ilé, Àkúrẹ́
Mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ti pa yàrá kẹrin rẹ́, ibẹ̀ ti di ibòji gbalasa. Lálẹ́ yìí ni màá wọn gígùn orúnkún àbúrò mi ọlọ́dún 16 kí n tó ya àga kankan.