Bí a ṣe ń fi ìfẹ́ inú ẹni sílẹ̀ fún Ọlọ́run: ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀

Ọmọ Òkè-Báálẹ̀: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà Òṣogbo. Gbogbo wa là ń gbàdúrà pé "Ìfẹ́ tìrẹ ni kó ṣẹ." Báwo lèèyàn ṣe ń ṣe é tí kò fi ní jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán?

Alàgbà, Òkè-Fìà: Má bẹ̀rẹ̀ látorí "Olúwa, mo fi gbogbo ayé mi fún Ọ." Ó dùn lẹ́nu, àmọ́ kò mú nǹkan kan dání. Mú bébà, kọ nǹkan náà gan-an síbẹ̀: ọmọbìnrin tó o fẹ́ fẹ́, ilẹ̀ tó o fẹ́ rà lọ́nà Ìkìrun, iṣẹ́ ìjọba tó ò ń wá ní Àbẹ̀rẹ̀. Èyí tí ọkàn rẹ ń fẹ́, má fi bò. Jésù náà kò fi tirẹ̀ bò ní Gẹtisémánì. Ó kọ́kọ́ ní kí ago náà ré òun kọjá, kó tó sọ pé kì í ṣe bí òun ti fẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba àdúrà yẹn, ó wà ní Mátíù 26:44. Lábẹ́ ohun tó o kọ, wá kọ ohun tí wàá ṣe bí Ọlọ́run bá ní rárá. Ìlà kejì yìí ni iṣẹ́ wà. Bí ọwọ́ rẹ bá kọ̀ tí kò kọ ọ́, o ò tíì fi nǹkan kan sílẹ̀. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Ìyá Ìjọ, Ìgbọ̀nà: Ẹ ṣeun, Alàgbà. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ jù ni kéèyàn ti pinnu tán kó tó lọ béèrè. Ẹ ka Jeremáyà 41:17, kẹ́ ẹ wá ka orí 42 àti 43. Àwọn èèyàn Júdà tó ṣẹ́ kù ti kọrí sí Íjíbítì kí wọ́n tó tọ wòlíì lọ. Wọ́n búra pé ì báà dára, ì báà burú, àwọn á gbọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 10, ọ̀rọ̀ Olúwa dé pé kí wọ́n jókòó sílé, ni wọ́n bá ní irọ́ ni Jeremáyà ń pa. Ṣé kì í ṣe àwa náà nìyẹn? Wọ́n á ti san àsansílẹ̀, wọ́n á ti yan aṣọ ẹbí, ìyá ìyàwó á ti ra gèlè, wọ́n á wá gun Òkè Bàbá Abíyè ní Ẹdẹ pé àwọn ń béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run. Béèrè kí ni? Kó o tó gbàdúrà, má sanwó, má ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Bó bá sì ti ní má lọ, má tún padà lọ bi Í bíi ti Bálámù, Númérì 22.

Ọmọ Òkè-Báálẹ̀: Ìyá mi, ṣé ẹ̀bẹ̀ wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Alàgbà, Òkè-Fìà: Rárá o. Wòlíì Nátánì ti sọ fún Dáfídì pé ọmọ tí Bátíṣébà bí fún un á kú, síbẹ̀ ó gbààwẹ̀, ó sùn sórí ilẹ̀. Nígbà tọ́mọ náà kú ní ọjọ́ keje, ó dìde, ó wẹ̀, ó pa òróró, ó lọ sílé Olúwa, ó wá jẹun. Bálámù ní tiẹ̀, owó tí Ọba Bálákì fẹ́ fún un ló ń wò.

Olùkọ́ Bíbélì, Ọlá-Ìyà: Ìṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé àdúrà. Ẹ̀rọ tó ń tẹ títì ni Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá ń wà lọ́dún 1928 tí Ọlọ́run fi pè é. Ó fi iṣẹ́ ìjọba yẹn sílẹ̀. Ọdún 1930 ni ìsọjí bẹ́ ní Òkè Ooye, Iléṣà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa fiṣẹ́ sílẹ̀ o. Ẹlòmíì, gbèsè tó jẹ ni kó kọ́kọ́ lọ san.

Nọ́ọ̀sì, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun: Ẹni tó bá fẹ́ fi ààwẹ̀ kún un tí kò gbà á rí, aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti tó. Ògì lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣínu, ẹ má ki àmàlà bọ inú òfìfo. Aláboyún àti ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ẹ máa jẹun, kẹ́ ẹ máa lo oògùn yín. Ẹ̀yin, fóònù ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ dípò oúnjẹ.

Ìyá Ìjọ, Ìgbọ̀nà: Ó ku ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá wá bá ọ pé Ọlọ́run ní kó o fẹ́ òun, tàbí kó o gbé owó ilẹ̀ rẹ wá, ì báà jẹ́ pásítọ̀, má dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ọlọ́run tó bá a sọ̀rọ̀ mọlé rẹ. Sọ fáwọn òbí rẹ àti ẹni méjì tí kò ní jèrè nínú ẹ̀. Bó bá ní kó o má sọ fún ẹnikẹ́ni, má lọ síbẹ̀ mọ́.