Ọ̀rọ̀ Látìn kan tí mo kọ títí kó tó yé mi

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin akọrin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ Látìn tèmi rèé: gementem, "tó ń kérora".

Inú kúáyà ìjọ Àgùdà ni mo dàgbà sí, n'Íbàdàn. Nígbà Lẹ́ńtì, bí a bá ń ṣe Ọ̀nà Àgbélébùú, Stabat Mater, orin Látìn nípa ìbànújẹ́ Màríà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú, la máa ń kọ. Ẹsẹ kejì ló máa ń mú omi bọ́ lójú mi: Cujus animam gementem, contristatam et dolentem, pertransivit gladius. Mo mọ anima sí ọkàn, mo mọ gladius sí idà. Bí wọ́n ṣe tò ó náà ni mo ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kúáyà: ọkàn Màríà tó ń kérora la idà kọjá.

Bàbá kan tó ti lọ sẹ́mínárì rí wà níjokòó lẹ́yìn. Nígbà tá a parí, wọ́n pè mí. "Ọmọ mi, nínú idà àti ọkàn, èwo ló gún èkejì?"

Mo ní ọkàn ló kọjá.

Wọ́n fi èékánná tẹ ìparí gementem nínú ìwé orin mi. Wọ́n ní ká ní ọkàn ló ń ṣe nǹkan ni, gemens ni ì bá jẹ́. -Em yìí ló sọ pé ọkàn ni wọ́n ṣe é sí. Wọ́n wá fi pẹ́ńsùlù kọ bí ìparí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yí padà sẹ́gbẹ̀ẹ́: gemens, gementis, gementi, gementem, gemente. "Ẹni tó ń kérora" ni gbogbo wọn, t'akọ t'abo. Contristatam, "èyí tí a ti bà nínú jẹ́", ní tirẹ̀ fi -am hàn pé ọ̀rọ̀ abo, ìyẹn animam, lòun ń tẹ̀ lé.

Lédè tiwa, bí o bá pa ipò "idà gún ọkàn" dà, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Látìn lè fi idà sí ìkẹyìn pátápátá, kó ṣì jẹ́ òun ló gún. A ti gbọ́ ìkérora náà tán kí idà tó dé! Mo pe àwọn ọmọ náà padà, mo tún un túmọ̀ fún wọn.

*

Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà wà nínú Salve Regina, àdúrà sí Màríà tí màmá mi máa ń gbà lẹ́yìn Rósárì: gementes et flentes. Èmi a máa sáré kọjá níbẹ̀. Olùkọ́ wa ló sọ pé -es yẹn, àwa púpọ̀ ni: àwa tí à ń kérora, tí à ń sunkún. Lálẹ́ ọjọ́ tá a sin màmá, èmi àtàwọn àbúrò mi la jọ gbà á. A ò lè sáré.