Báwo làwọn obìnrin olórin mẹ́tàlì ṣe ń bú ramúramù láìba ohùn jẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohùn bíbú tí Angela Gossow lò nígbà tó wà nínú Arch Enemy, ẹgbẹ́ olórin mẹ́tàlì (orin onígìtá líle), kọjá àfẹnusọ! Kí ló dé tí ọ̀fun fi máa ń dun ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ irú rẹ̀?

Èsì: Ọ̀fun ni wọ́n ń fún pọ̀. Ikùn ló yẹ kí agbára ti wá. Ẹ mí sínú kí ìhà fẹ̀, kí èjìká má gòkè. Ẹ wá mí kanlẹ̀, "hàà", kí ẹ jẹ́ kí ìmí náà máa há díẹ̀díẹ̀. Ìró gbígbẹ tẹ́ ẹ bá gbọ́, awọ tó wà lókè tán-án-ná ló ń gbọ̀n jù. Ìṣẹ́jú 10 ti tó, ohùn jẹ́jẹ́ ni kẹ́ ẹ lò. Maikirofóònù ló ń sọ ọ́ di ńlá. Tí ikọ́ bá dé, ẹ dúró.

Èsì: Ẹ má fọwọ́ bo orí maikirofóònù, á máa han gooro, ọ̀rọ̀ ò sì ní yéni.

Èsì: Ẹ gbọ́ Tatiana Shmayluk ti ẹgbẹ́ olórin Jinjer, láti Ukraine: nínú orin kan ṣoṣo, á kọ ọ́ geere, á sì bú lójijì. Kò sì pọn dandan kéèyàn bú. Doro Pesch ti Jámánì ń fi ohùn gbangba kọ mẹ́tàlì láti ìgbà tó wà nínú Warlock, ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ àtijọ́, ó sì dùn dọ́ba!