Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìkòkò àwọn Aboriginal wo ni kí n rà fún ìyá mi?

Àbẹ̀níAdelaide: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìyá mi, tó ń mọ ìkòkò ní Ìlọrin, máa pé ẹni 70 ọdún. Mo fẹ́ fi iṣẹ́ Aboriginal kan (àwọn tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ yìí) ta á lọ́rẹ láti Ọsirélíà níbí, iṣẹ́ ẹni tó ń ya ilẹ̀ baba rẹ̀. Ta ni kí n kọ́kọ́ wò? Owó ọwọ́ mi ò pọ̀.

BabaAlámọ̀: Àbẹ̀ní, wá iṣẹ́ Ernabella, ilé iṣẹ́ ọnà àwọn Aboriginal kan. Pukatja ni wọ́n wà, ní òkè àríwá ìpínlẹ̀ tí o wà yẹn gan-an. Láti 1948 ni ilé iṣẹ́ ọnà náà ti wà, 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ amọ̀. Wo ti Pepai Jangala Carroll: kánfáàsì ni o, ìkòkò ni o, ilẹ̀ baba rẹ̀ lápá Walungurru ló yà sí méjèèjì. Wọ́n á fi amọ̀ olómi aláwọ̀ pa ìkòkò lára, wọ́n á wá fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó fá a títí tí àwọ̀ abẹ́ á fi yọ. Wọ́n gbà mí láyè kí n fọwọ́ kan ọ̀kan rí. Mo fi àtàǹpàkò tọ ilà ara rẹ̀, ó ń họ ni lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Mi ò tíì gbàgbé ẹ̀.

ÌyáTítí: Òótọ́ ni Baba sọ, ṣùgbọ́n fún alámọ̀ bíi ìyá rẹ, Hermannsburg Potters, ẹgbẹ́ alámọ̀ Aboriginal kan, lèmi máa mú. Ntaria ni wọ́n wà, ní ìwọ̀ oòrùn Alice Springs. Okùn amọ̀ ni wọ́n ń ká léra. Ọmọrí ìkòkò náà ni kí o wò dáadáa: ẹyẹ tàbí ẹranko tí wọ́n fi amọ̀ mọ ló ń jókòó lé e. Òkè àti igi ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń yà sára rẹ̀, bí Albert Namatjira (1902–1959), ayàwòrán ọmọ ibẹ̀, ṣe máa ń yà á. Ọwọ́ ìyá rẹ á mọ iṣẹ́ yẹn kí ojú rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Akin_Ọ̀fà: Ẹ má gbàgbé Thancoupie (1937–2011), alámọ̀ ará Weipa ní ìpínlẹ̀ Queensland. Ìkòkò rẹ̀ rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, ìtàn àwọn ènìyàn rẹ̀ ló fín sí i lára. Alumíníọ̀mù ló fi ṣe èyí tó wà ní National Gallery ní Canberra. Bauxite ni wọ́n ń wà nílẹ̀ Weipa, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe alumíníọ̀mù. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára.

BabaAlámọ̀: Nípa owó, abọ́ kékeré ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí wò. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ọnà wọn fúnra wọn ni kí o ti rà á, tàbí ọ̀dọ̀ oníṣòwò tó wà nínú Indigenous Art Code, ìyẹn àdéhùn láti máa bá àwọn oníṣẹ́ ọnà wọn ṣòwò lọ́nà òdodo. Gba ìwé tó ní orúkọ ẹni tó mọ ọ́n àti ìlú rẹ̀. Bí wọn ò bá sọ gbogbo ìtàn inú rẹ̀ fún ọ, má fi dandan bi wọ́n, àwọn kan jẹ́ awo.

ÌyáTítí: Sọ èyí fún màmá pẹ̀lú: Michael Cardew, òyìnbó alámọ̀ tó dá ilé ìmọ̀kòkò Abuja sílẹ̀, ìyẹn Suleja òní, níbi tí Ladi Kwali ti ṣiṣẹ́, òun náà ló lọ kọ́ àwọn Aboriginal ní ìkòkò mímọ lápá Darwin, ní Ọsirélíà níbí, ní 1968.

Àbẹ̀níAdelaide: Ha! Màmá mọ orúkọ Ladi Kwali dáadáa! Ọlọ́mọrí ni mo máa rà, kódà bó bá gbà kí n fi oṣù méjì tọ́jú owó. Báwo ni mo ṣe máa dì í tí kò fi ní fọ́ dé Ìlọrin?

ÌyáTítí: Ṣí ọmọrí kúrò, di òun lọ́tọ̀. Ki aṣọ rírọ̀ sínú ìkòkò, fi òmíràn wé e níta, kí o sì gbé e dání wọ bàálù.