Pátákó etí títì: kí lojú yín ti rí?

Pẹ́ńtà Ìdénà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ pátákó kíkọ ni mò ń ṣe ní Kétu, ní Bìnẹ̀ẹ́, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Àkàbà Ìdénà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Bí ẹ bá ti gba ọ̀nà Pọ́bẹ̀ wọ ìlú wa rí, ẹ ti ka ọwọ́ mi láìmọ̀: télọ̀, onídìrí, ẹni tó ń ta búlọ́ọ̀kù, pásítọ̀, oníṣègùn ìbílẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà ṣì jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ pupa, ta ló ń kọ pátákó? Eruku á ti bò ó kí oòrùn tó kanrí. Ọ̀dà tí wọ́n dà sójú títì ló sọ iṣẹ́ wa di iṣẹ́. Mọ́tò ń sáré báyìí, kò sẹ́ni tó ń dúró béèrè ilé ẹnikẹ́ni mọ́, àfi kí pátákó bá a sọ̀rọ̀.

Ohun tó gbé mi dé ibí ni ọ̀rọ̀ àwọn kan tó wá lọ́dún tó kọjá pẹ̀lú ọ̀dà pupa àti téèpù. Ibi tí wọ́n ti wá, n kò ní dárúkọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tún etí títì ṣe. Inú mi kọ́kọ́ dùn, torí etí títì náà ti di igbó: pátákó lórí pátákó, bébà ìdìbò àtijọ́ lára òpó iná, aṣọ ìpolówó tí afẹ́fẹ́ ti ya tó ń ṣe fìrìfìrì. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára gbogbo pátákó onígi tí wọ́n bá. Ṣùgbọ́n téèpù tí wọ́n mú dání yẹn, fífẹ̀ pátákó nìkan ni wọ́n ń fi wọ̀n, torí bó bá ṣe fẹ̀ tó ni owó tí èèyàn máa san lórí rẹ̀ lọ́dún ṣe máa pọ̀ tó. Ẹni tó rówó san, tirẹ̀ dúró. Ẹni tí kò rí, wọ́n fà á tu.

Kọ́nà kan wà kí èèyàn tó wọ ìlú láti ọwọ́ Pọ́bẹ̀. Pátákó irin gbàgàdà kan wà níbẹ̀, ti ilé-iṣẹ́ ọtí kan. Òkè rẹ̀ ga ju ilé lọ, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan koríko, ó sì bo ẹnu ọ̀nà tóóró tí àwọn ọmọ iléèwé ń gbà já sí títì. Àmì onígun mẹ́ta tó ń kìlọ̀ pé ọmọdé ń sọdá wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Dírẹ́bà tó ń bọ̀ kò rí àmì, kò sì rí ọmọ. Igi máńgòrò sì wà lódìkejì, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọmọdé ń ṣe lásìkò máńgòrò. Ojú mi ló ṣe: ọmọkùnrin kan já síta lẹ́yìn pátákó yẹn, oní-zẹ́mì kan sì ń bọ̀ pẹ̀lú àpò gàrí lẹ́yìn alùpùpù rẹ̀. Ó tẹ bíréékì mọ́lẹ̀, ó ya wọ inú kòtò. Ọmọ náà kò fara pa, oní-zẹ́mì fi ìgúnpá họra, gàrí dà sínú omi ẹrẹ̀. Àwọn tó sáré dé ibẹ̀ ń bú ọmọ. Kò sẹ́ni tó wo pátákó.

Pátákó yẹn, ọ̀dà pupa ò kàn án. Wọ́n ti sanwó rẹ̀. Ti Ìyá Ìbejì, tó wà nínú lọ́hùn-ún lẹ́bàá ògiri ilé rẹ̀, tí kò dí ẹnikẹ́ni lójú, òun ni wọ́n gbé sọ sẹ́yìn mọ́tò.

Ní tèmi o, kí òfin wà lórí pátákó dára, èmi tí mò ń jẹun nídìí ẹ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ibi tí pátákó dúró sí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò, kí wọ́n tó wo bó ṣe fẹ̀ tó àti ẹni tó ni ín. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lojú yín ti rí lágbègbè tiyín?

Ìyá Ìbejì Oníresì

Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí o. Òótọ́ ni Pẹ́ńtà sọ. Pátákó mi kò tó ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. “Ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹja dídín” ló wà lára rẹ̀, Pẹ́ńtà sì ya àwo oúnjẹ sí i tí èéfín ń rú lórí rẹ̀. Àwo yẹn gan-an ló ń pe oníbàárà. Ọkùnrin tó fà á tu ti jẹun lọ́dọ̀ mi rí, owó ẹja wà lọ́rùn rẹ̀ dòní olónìí. Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ ò ní sanwó ẹja kí ẹ tó gbé pátákó lọ?” Ó ní iṣẹ́ ni wọ́n rán òun.

Wọ́n ní kí n wá san nǹkan kí n gba bébà. Mo lọ. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ ní kí n kówó wá, pé bébà ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ní kí bébà kọ́kọ́ bọ̀ ná. Ó wò mí, mo wò ó, mo so owó mi padà mọ́ ìdí aṣọ, mo wálé.

Ní báyìí mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí ìdí ìkòkò dúdú ńlá kan. Láàárọ̀ mo gbé e dojú dé síta, lálẹ́ mo gbé e wọlé. Ìkòkò ni, kì í ṣe pátákó. Kí wọ́n wá fi téèpù wọ̀n ọ́n.

Bàbá Dírẹ́bà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọgbọ́n o! Mo máa yà jẹ ẹja yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílùú ń sọ ti ọ̀sán. Èmi tí mò ń ti Kùtọnú kẹ́rù lọ sí Ilárá létí ààlà, òru ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀ ń bọ̀ nínú òkùnkùn biribiri, ojú yín ti mọ́ òkùnkùn náà lára, ẹ ti ń rí ewúrẹ́ tó sùn sétí títì lókèèrè. Lẹ́ẹ̀kan náà, pátákó oníná, irú èyí tó ń yí àwòrán padà fúnra rẹ̀, á tàn báláú sí yín lójú. Funfun ló burú jù. Bí ẹ bá ti kọjá rẹ̀ tán, ẹ ò rí nǹkan kan mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Mọ́tò tó ń sá 90 kìlómítà ní wákàtí kan, mítà 25 ló ń gbà kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí ojú yín bá fọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, ẹ ti rin mítà 75 bí afọ́jú, tẹ̀yin tẹrù lẹ́yìn.

Mo ti kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà rí. Ohun tí Pẹ́ńtà ń sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Àdéhùn àgbáyé lórí àmì ojú títì tí wọ́n ṣe ní Vienna ní 1968 sọ ọ́ gbangba: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé pátákó tó lè jọ àmì ojú títì, tó lè bò ó, tàbí tó lè tan iná sí awakọ̀ lójú tàbí fa ojú rẹ̀ kúrò lọ́nà débi tó máa kó o sínú ewu. Ẹ rí i pé kò sọ̀rọ̀ owó rárá níbẹ̀.

Èyí tó dẹ́rù bà mí jù ṣì kù. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò ló fà á. Ọ̀rá ńlá tí wọ́n ń tẹ àwòrán sí ya kúrò lára irin rẹ̀, ó fò, ó lẹ̀ mọ́ gíláàsì mọ́tò kékeré kan níwájú mi. Dírẹ́bà náà gbìyànjú, ó rọra pa á sétí títì láì rí ohunkóhun. A bá a já a kúrò. Àwòrán ọmọ kékeré tó ń mu mílíìkì ni. Ọdún tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, kò sẹ́ni tó tún padà wá wo okùn rẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbowó lórí pátákó lọ́dọọdún, ṣé wọn ò lè mi irin rẹ̀ wò lọ́dọọdún?

Ọmọ Àjàṣẹ́

Èmi ní ṣọ́ọ̀bù fótókópì ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lọ́nà Wàǹdó. Ẹni tó bá wà níbí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 á rántí, nígbà tí wọ́n ń gba etí títì padà ní Kùtọnú, níbí àti láwọn ìlú mìíràn. Búkà, àgánrándì, pátákó, gbogbo ohun tó bá ti yọ wá sórí ilẹ̀ títì ni wọ́n ń wó. Wọ́n ti kìlọ̀ ṣáájú, ọ̀pọ̀ rò pé ẹnu lásán ni. Èmi tú tèmi fúnra mi ní alẹ́ ọjọ́ tí mo gbọ́, mo sì kó irin rẹ̀ wọlé. Aládùúgbò mi tó dúró de kátápílà, páànù rẹ̀ ká bí ewé ẹ̀kọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nìyí. Ilẹ̀ tó wà láàárín ọ̀dà títì àti ògiri yín, kì í ṣe tiyín, kódà bí ẹ̀yin lẹ̀ ń gbá a láràárọ̀. Ti gbogbo ìlú ni. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbé pátákó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Bí ẹ bá fẹ́ san owó, ẹ san án níbi tí wọ́n ti ń já rìsíìtì tó ní nọ́ńbà àti òǹtẹ̀, ẹ má fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lójú títì. Ìyá Ìbejì ṣe dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀. Láti 2003 tí ìlú kọ̀ọ̀kan ti ní ìgbìmọ̀ tó ń darí ara rẹ̀ ní Bìnẹ̀ẹ́, owó pátákó wà lára owó tí wọ́n fi ń ṣe ìlú. Ẹni tó ń jẹ nínú pátákó la wá ní kó dín pátákó kù. Ẹ wò ó dáadáa. Bí pátákó ṣe ń pọ̀ sí i lowó ń wọlé sí i, ta ni yóò fẹ́ lọ sọ fún onílé-iṣẹ́ ọtí pé kó ṣí kúrò ní kọ́nà? Bí kò bá sí ìwé tó sọ iye mítà tó gbọ́dọ̀ wà láàárín pátákó àti kọ́nà, iléèwé tàbí àmì ojú títì, ọ̀rọ̀ náà á máa padà sí ọ̀rọ̀ àpò ni.

Kétu l'Ókè Òkun

São Paulo ni mo wà, ní Brazil, níbi tí àwọn onílé òrìṣà ti ń pe orúkọ Kétu lójoojúmọ́. Ní 2007 wọ́n fi òfin yọ gbogbo pátákó ìpolówó ńlá kúrò nílùú yìí, gbogbo rẹ̀ pátá. Wọn ò sọ pé kí onítajà má kọ orúkọ rẹ̀ o. Ilé ìtajà tí iwájú rẹ̀ kò tó mítà 10 lè gbé àmì tí kò ju mítà onígun mẹ́rin kan àbọ̀ lọ. Ẹni kékeré rí àyè kọ orúkọ rẹ̀, ẹni ńlá ló ká tirẹ̀ kúrò. Òdìkejì ohun tí wọ́n ṣe fún Ìyá Ìbejì gẹ́lẹ́.

Ará Sábẹ

Ẹ máa pẹ̀lẹ́ o. Èmi kò bá yín lọ síbi kí ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò yẹn.

Ní Sábẹ níbí, títì tó ti Kùtọnú lọ sí Parakou, tó tún lọ títí dé Malanville, àárín wa ló gbà. Tírélà tó ń lọ sí apá ààlà Niger, bọ́ọ̀sì elérò, gbogbo wọn ń kọjá vùùù. Mo ní ilé ìgbàlejò kékeré kan, yàrá rẹ̀ mọ́, omi wà. Inú àdúgbò ló wà, kò hàn sí títì. Kí n tó gbé pátákó jáde, àwọn ẹbí ẹni tó kú tó wá sìnkú nìkan ló ń sùn níbẹ̀. Mo gbé pátákó méjì jáde, ọ̀kan lápá Dassa, ọ̀kan lápá Parakou, mo san ohun tí wọ́n ní kí n san, mo gba rìsíìtì. Àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló ń jẹun níbẹ̀ báyìí. Ẹni tó wà ní São Paulo, ilé rẹ̀ wà láàárín ìlú tí gbogbo ayé ń wá. Sábẹ ńkọ́? Bí a ò bá na ọwọ́ dá yín dúró, ẹ ó kọjá wa láì mọ̀ pé ìlú wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́. Àwọn àlejò mi fẹ́ràn láti ya fọ́tò Òkè Sábẹ, àwọn àpáta yẹn lẹ́wà nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Níbi tó dára jù láti dúró yà á, ilé-iṣẹ́ fóònù kan ri pátákó rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Fọ́tò tí gbogbo wọn ń gbé lọ sílé, àpáta lápá ọ̀tún, ọmọge tó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù lápá òsì. Èyí ni kí wọ́n sún. Kí wọ́n má yọ ọ́, kí wọ́n sún un díẹ̀, àyè pọ̀.

Pẹ́ńtà Ìdénà

Ará Sábẹ, èmi àti yín kò jà. “Kí wọ́n sún un” ni èmi náà ń sọ láti òkè wá. Pátákó ọtí yẹn, bí wọ́n bá sún un síwájú kọ́nà, kò ní pàdánù oníbàárà kan ṣoṣo, ẹni tó fẹ́ mutí á rí i.

Lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ Ọmọ Àjàṣẹ́, mo bá àwọn pẹ́ńtà ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀, àti olórí àdúgbò wa, àti olùkọ́ kan ní iléèwé ẹ̀gbẹ́ kọ́nà. A fi okùn wọ̀n ọ́n fúnra wa: a ní kí olùkọ́ jókòó sórí alùpùpù níbi tí dírẹ́bà máa ti kọ́kọ́ rí ẹnu ọ̀nà, ká ní pátákó kò sí, a sì wo ibi tó ti ń rí i gan-an. Ìyàtọ̀ náà pọ̀ débi tí olórí àdúgbò fi ní ká tún un wọ̀n. A ti ya àwòrán rẹ̀ sórí bébà, àwọn òbí ń fọwọ́ sí i lọ́wọ́, a máa gbé e lọ fún àwọn tó ń fúnni ní àṣẹ pátákó. A ò bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, a kàn kọ iye mítà. Bàbá Dírẹ́bà, tí ẹ bá ń kọjá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ yà kí ẹ bá wa wo ti òru, torí ọ̀sán la fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbéṣẹ́ fún wa, ẹ tún gbọ́ o: ẹ yéé ní ká kọ nọ́ńbà fóònù mẹ́ta, àdúrà, àti gbogbo ohun tí ẹ ń tà sórí pátákó kan. Bí Bàbá Dírẹ́bà ṣe ṣírò rẹ̀ yẹn, kò sí awakọ̀ tó lè kà á tán. Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo máa kọ fún yín, “OÚNJẸ”, gàdàgbà, àti àwo. Ara ògiri yín ni ká kọ ọ́ sí, ògiri kì í ṣe ilẹ̀ títì. Kí ẹ ṣì kọ́kọ́ béèrè àṣẹ rẹ̀, kí wọ́n tó tún kó ọ̀dà pupa dé.

Ìyá Ìbejì Oníresì

Èéfín ńkọ́? Má gbàgbé èéfín orí àwo o. Èló lo sì máa gbà?

Pẹ́ńtà Ìdénà

Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nídìí ẹja.