Ẹ jẹ́ ká yọ "kògbóògùn" kúrò nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ kó jọ fún ìwé pélébé tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fásitì: "àrùn kògbóògùn" fún HIV, "àrùn ìbálòpọ̀", "ìbálòpọ̀ aláìléwu" àti "àpò ààbò" fún kọ́ńdọ̀mù. Èyí tó ká mi lára jù ni kògbóògùn.

Nígbà tí orúkọ yẹn jáde, ó bá ohun tí ojú ń rí mu. Láti 1981 tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nípa àrùn náà ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá kí wọ́n tó rí oògùn tó ká a. Ṣùgbọ́n láti bíi 1996 tí àwọn dókítà ti ń lo oògùn mẹ́ta pa pọ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Oògùn kò tíì lé e kúrò lára pátápátá, àmọ́ ó ń gbọ́ oògùn. Ẹni tó ń lò ó déédéé, tí kòkòrò náà sì ti lọ sílẹ̀ débi tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ò rí i mọ́, kò ní kó o ran ẹni tó bá bá a lò pọ̀. Ọ̀fẹ́ sì ni oògùn náà nílé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà láti 2006.

Ọmọ ọdún 18 tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, tó wá ka "kògbóògùn", kí ló máa lọ ṣe níbi àyẹ̀wò? Bẹ́ẹ̀, tó bá tètè lọ kí wákàtí 72 tó pé lẹ́yìn ìbálòpọ̀ tó ń kó o láyà sókè, oògùn wà tí wọ́n lè fún un lò fún ọjọ́ 28 kí kòkòrò náà má baà ráyè jókòó sí i lára. Orúkọ yẹn á ti dá a padà nílé.

Ẹnì kan ní bẹ́ẹ̀ ni rédíò ń pè é. Òótọ́ ni, àmọ́ HIV làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Bí a bá fẹ́ ṣàlàyé, "kòkòrò apa sójà ara" wà nílẹ̀, ó sì sọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan ò sí nínú àkójọ yín, bẹ́ẹ̀ ẹnu àwọn ọmọbìnrin họ́sítẹ́ẹ̀lì ló wà: "tọ́lẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n". Kí ìtọ̀ ṣáà ti máa ta èèyàn, ilé ìgbẹ́ tó dọ̀tí ni wọ́n á kà á sí lọ́rùn. Ohun tó ń fà á pọ̀, ṣùgbọ́n àtọ̀sí àti kilamídíà, àkóràn méjì tí èèyàn ń kó níbi ìbálòpọ̀, kì í ti orí ìjókòó ilé ìgbẹ́ wọ ara. Ọmọbìnrin á ra kápúsù ní kẹ́míìsì, ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ò ní gba ìtọ́jú kankan, wọ́n á tún kó o ran ara wọn. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, kẹ́ ẹ sì já a ní koro.

"Àkóràn ìbálòpọ̀" tẹ́ mi lọ́rùn ju "àrùn ìbálòpọ̀" lọ. Lẹ́nu àwọn tó ń polówó àgúnmu, àrùn ìbálòpọ̀ lè jẹ́ pé nǹkan ọkùnrin ò le. Àrùn sì rèé, a máa ń retí kó hàn. Kilamídíà lè wà lára obìnrin fún oṣù púpọ̀ láìsí àmì, kó sì ba ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ jẹ́.

"Aláìléwu" ti ṣèlérí jù. Kọ́ńdọ̀mù ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí HIV àti àtọ̀sí, ṣùgbọ́n HPV, kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ lè ràn láti ibi tí rọ́bà ò bò. Mo fara mọ́ "ìbálòpọ̀ oníṣọ́ra".

Ní ti "àpò ààbò", ẹ má bínú, kò sẹ́ni tó máa bèèrè rẹ̀ ní kẹ́míìsì. Ẹ kọ "rọ́bà ìdáàbòbò". Ẹ fi kún un pé fasilíìnì àti òróró máa ń ba rọ́bà náà jẹ́ títí á fi bẹ́.

Ó ku kilamídíà. Mi ò tíì gbọ́ orúkọ kan tí ará ìlú ń pè é. Kẹ́ ẹ má kàn fi "àtọ̀sí" bò ó mọ́lẹ̀ o, oògùn wọn yàtọ̀ síra. Títí ẹnì kan á fi mú èyí tó dáa wá, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ká sì fi gbólóhùn kan ṣàlàyé rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.